Ẹja Alẹ́ Òní ní Ìdúmàgbò

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ kó lù. Ní Ìdúmàgbò, àwọn aláṣọ ti ń ká ọjà wọlé, àwọn alábàárù ń pariwo "Àgò lọ́nà o!" láàárín èrò, ohùn àwọn tó ń pe èrò Ọ̀ṣòdì sì ti ń dún láti ọ̀nà Adéníji Adélé. Obìnrin kan tó ti wà nídìí ìsọ̀ láti àárọ̀ fi àgádágodo há ilẹ̀kùn, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó yà bá ìyá ẹlẹ́ja kan tó gbé pákó lé orí àpótí lẹ́bàá títì.

"Alájà, ẹ kú ọjà o. Titus méjì tó tóbi ni mo fẹ́. Ẹ bá mi là á, kí ẹ yọ eegun àárín ẹ̀ fún mi."

"Ṣé o fẹ́ dín in ni, ọmọ mi, àbí ọbẹ̀ lo fẹ́ fi sè?"

"Kò sí èyí tí mo fẹ́ ṣe nínú méjèèjì, mà. Mo fẹ́ kó ti jinná kí omi ẹ̀bà tó hó. Àwọn ọmọ ti ń pè mí láti aago márùn-ún."

Alájà kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ orí ẹja mọ́lẹ̀, ó ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó jẹ́ kí ẹnu ọ̀bẹ máa fara ra eegun ẹ̀yìn títí dé ìrù. Ó yí i padà, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Abala mẹ́rin tí awọ wọn ń dán bíi fàdákà bọ́ sínú ọ̀rá kan. Orí àti eegun bọ́ sínú ọ̀rá kejì. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ohun tí obìnrin yìí ń lọ ṣe nílé kò le. Yóò fi ata gbígbẹ, aáyù àti atalẹ̀ ra ẹja náà, yóò gbé e sínú fráìpáànù tó ti gbóná, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kó sọ̀ ọ́, yóò fi oyin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ kùn ún kí ara rẹ̀ máa dán. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, oúnjẹ ti dé iwájú àwọn ọmọ.

Àwọn àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń pe irú èyí ní oúnjẹ inú fóònù, nítorí pé inú fóònù ni àwọn ọmọ wọn ti ń wò ó. Wọ́n ní òyìnbó ló ń jẹ ẹja tí kò ní eegun. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ibì kan bá wà lágbàáyé tí ẹja àti ata ti jọ jẹ́ ọmọ onílé, ibẹ̀ ni erékùṣù yìí.

Oko ata tó di ààfin

Láti Ìdúmàgbò dé Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, ìrìn náà kò sì jìn. Ìtàn Èkó sọ pé Ìddó ni Ọlọ́fin àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbé, tí Arómirẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, sì máa ń tukọ̀ sọdá sí erékùṣù láti wá pẹja, kó sì dáko. Wọ́n sábà máa ń túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí ẹni tó bá omi rẹ́. Ata ló gbìn síbẹ̀. Àwọn onítàn sọ pé èdè Ìbíní ni Ìdúngànràn ti wá, oko ata sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orí ilẹ̀ oko ata yẹn ni wọ́n kọ́ ààfin sí.

Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ìlú ńlá tó ń kó ọjà wọlé láti gbogbo ayé yìí, apẹja tó ní oko ata wà nínú ìtàn ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Omi gan-an kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà nígbà náà. Àwòrán ilẹ̀ Èkó tí wọ́n yà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ọ̀sà kékeré kan hàn ní Ìdúmàgbò, tó ya wọ inú erékùṣù. Wọ́n ti dí i pa tipẹ́. Ibi tí èèyàn ti ń ná owó léèsì lónìí, ọkọ̀ ojú omi lè ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Bí òjò bá sì rọ̀ gidi, omi a máa rántí ọ̀nà rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù Ìdúmàgbò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù wọn gun orí tábìlì.

Ẹ̀bútè Èrò kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ láti apá Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì láyé àtijọ́, tí ẹja tútù àti ẹja yíyan ń bá gàrí àti iṣu dé. Jáńkárà náà wà nítòsí, níbi tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ti ń ta ìyèré, èèrù àti ataare pẹ̀lú ewé àti egbò. Ataare àti ìyèré ni àwọn baba ńlá wa fi ń mú ẹnu ta kí ata rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé. Àwọn ọlọ́kọ̀ Potogí ló gbé ata yẹn dé etíkun wa lẹ́yìn 1492. Ẹni tó bá fi ìyèré lílọ̀ ra ẹja rẹ̀ ní Ìdúmàgbò lálẹ́ òní, ohun tó ti wà nílẹ̀ kí Potogí tó dé ló ń ṣe.

Ẹja òní, ẹja ọ̀la

Kí ló wá dé tí ẹja tí kò pẹ́ lórí iná fi jọ àjèjì lójú ọ̀pọ̀ èèyàn? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ooru Èkó. Ẹja tí wọ́n pa láàárọ̀ kò gbọdọ̀ sùn láìfojú kan iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò rà. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń yan ẹja lórí igi títí tó fi gbẹ, tí wọ́n sì ń dín in nínú òróró jíjìn títí tó fi le koko. Ẹja díndín tó le bẹ́ẹ̀ lè lo ọjọ́ mélòó kan nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹja yíyan lè dé Ìbàdàn, kó dé Ìlọrin, kó má yí padà.

Ọgbọ́n ìpamọ́ ni. Ó dára, ó sì bọ́ ilẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọgbọ́n ìpamọ́ di ìlànà ìsebẹ̀: ẹja tí wọ́n fẹ́ jẹ lálẹ́ yìí gan-an, wọ́n á tún dín in bí ẹni pé ó ń rìnrìn àjò lọ sí òkè ọya. Gbogbo omi ara rẹ̀ á ti tán kó tó dé inú àwo.

Nígbà tí ẹja inú yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í ti èbúté Èkó gòkè lọ sí àwọn ìlú tó jìnnà sí òkun, orúkọ tí àwọn ará òkè fún un ni "òkú Èkó". Orúkọ yẹn kò gbé ẹja náà lárugẹ. Àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ ẹja odò tó ṣì ń jà nínú agbọ̀n. Èyí tó le gbagidi bí òkúta, tí ojú rẹ̀ funfun, kò lè wù wọ́n. Síbẹ̀ òkú Èkó yìí ló di ẹran tálákà àti olówó. Titus, kótè, pánlá, ṣawá: kò sí ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí wọn kò sí.

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ oúnjẹ ní Èkó ṣàlàyé ìdí tí ẹja kò fi nílò iná púpọ̀. Ẹsẹ̀ ni màlúù fi ń gbé ara rẹ̀ tó wúwo láti àríwá dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà iṣan tó so ẹran rẹ̀ pọ̀ yi, ó sì ń fẹ́ kó pẹ́ lórí iná kó tó rọ̀. Omi ló ń gbé ẹja. Iṣan tó wà láàárín ẹran rẹ̀ kéré, kò yi, ooru díẹ̀ ló sì ń yọ́ ọ. Bí àárín ẹja bá ti gbóná dé nǹkan bí 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti jinná, kò sì léwu fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru lè fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́: bí ẹran rẹ̀ bá ti ń pín sí ewé ewé, tí kò mọ́ gaara bíi dígí mọ́, tó ti funfun dé inú, kí wọ́n sọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá tún lò lórí iná, omi ara rẹ̀ ló ń gbẹ.

Nínú ilé ìdáná ìdílé mẹ́fà

Àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ agbo ilé, àgbàlá wà láàárín, àwọn ìyàwó ilé sì ń dáná níbẹ̀ pọ̀. Ní 1955 ni Lagos Executive Development Board, ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn eku, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé kan ní àárín gbùngbùn erékùṣù, tí wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà níbẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ṣọ́ọ̀bù ti gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí àwọn ayálégbé ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan lókè, tí ìdílé bíi mẹ́fà sì ń lo ilé ìdáná kan.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbé ìkòkò kalẹ̀ fún wákàtí méjì ń ṣẹ aládùúgbò rẹ̀. Ìyá kan tó ń gbé ní òpópónà tó já sí Ìdúmàgbò sọ pé òun kì í se ọbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mọ́. Sátidé ni òun ń se ìkòkò ńlá, ẹja tí kò gba àkókò ni òun ń fi gbé ọjọ́ iṣẹ́. Ó ní bí òun bá dé láti ìsọ̀ ní aago méje, gáàsì á ti bọ́ lọ́wọ́ òun kí ìyàwó tó ń gbé lókè tó bọ́ sí ilé ìdáná láti wá se ìrẹsì ọkọ rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbé lókè odò ní ìṣòro tiwọn. Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, gùn ju kìlómítà mọ́kànlá lọ, ẹni tó bá ti há sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé ebi kì í dúró de ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ra ẹja ní erékùṣù, tí wọ́n ń ní kí wọ́n là á, kí wọ́n bu yìnyín sí i, kí ó má bàa sí ohun tó kù ní ṣíṣe nílé ju ata àti iná lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Iṣẹ́ tó le jù, ìyá ẹlẹ́ja ti ṣe é tán. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń béèrè ti rí ìdajì oúnjẹ rẹ̀ ṣe. Titus ló dára jù fún un: ọ̀rá wà lára rẹ̀, kì í tètè gbẹ, eegun rẹ̀ sì ń tẹ̀lé ọ̀bẹ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kúrókà náà dára, ẹran rẹ̀ funfun, ó nípọn, owó rẹ̀ ló ga. Ẹ̀pìyà tó tóbi ṣe é là. Pánlá rọ̀, kò lọ́ràá, ó sì ń yára fọ́, ó ń fẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Kótè ní ìpẹ́ líle kan tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí eyín ayùn, dandan ni kí wọ́n gé e kúrò. Ti ṣawá, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọbẹ̀: eegun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kò gbọ́ ti ọ̀bẹ.

Fún abala mẹ́rin, ṣíbí ìmutíì kan ata gbígbẹ, ìdajì ṣíbí iyọ̀, aáyù méjì tí wọ́n gún, atalẹ̀ tí wọ́n rin tó tó àtàǹpàkò, àti ìyèré lílọ̀ díẹ̀ ti tó. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ nu ẹja náà gbẹ. Àwọn kan kì í ṣe èyí, wọ́n á wá máa bínú sí fráìpáànù pé ó ń já awọ ẹja jẹ. Omi ló fa ìyẹn. Ẹja tó tutù á kọ́kọ́ hó nínú omi ara rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín, awọ rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ irin.

Bí wọ́n bá ti fi èròjà ra á tán, kí wọ́n gbé omi ẹ̀bà kaná, kí òróró ṣíbí kan gbóná dáadáa. Awọ ni kí ó kọ́kọ́ dojú kọ iná. Abala ẹja á fẹ́ ká kò bí ewé gbígbẹ. Kí wọ́n fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, á tẹ́ padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ awọ, ìṣẹ́jú kan sí méjì ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó parí. Kúrókà tó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lápapọ̀.

Oyin ló kẹ́yìn. Ṣíbí ìjẹun méjì, omi ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́, ata díẹ̀ sí i. Kí iná rẹlẹ̀ kí wọ́n tó dà á sí i, kí wọ́n máa fi ṣíbí bù ú lé ẹja lórí títí tó fi ki, tó sì ń dán. Ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹni tó bá fi oyin sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò jẹ èédú: ṣúgà inú oyin ti ń pọ́n ní nǹkan bí 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òróró ìdínǹkan sì sábà máa ń gbóná ju 160 lọ.

Ṣé ẹja ń jẹ oyin?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ àgbà máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní adùn kò bá ẹja mu. Síbẹ̀ àwọn kan náà ni wọ́n ń fi dòdò tó pọ́n dáadáa jẹ ẹja aláta, tí wọ́n sì ń fi ẹja díndín mu gàrí oníṣúgà ní ọ̀sán gangan.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà ní Pópó Àgùdà, kò jìnnà sí Ìdúmàgbò. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gbé fùréjọ̀n dé. Ẹ̀wà ni wọ́n ń sè títí, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń fi wàrà àgbọn sè kó ki. Ọ̀pọ̀ ilé ń fi ṣúgà sí i. Ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, nígbà tí àwọn Kátólíìkì kì í jẹ ẹran, ọbẹ̀ ẹja tó ta lẹ́nu ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àwo fùréjọ̀n a máa ti ojúlé dé ojúlé, Mùsùlùmí a sì gbà á lọ́wọ́ Kátólíìkì pẹ̀lú ìdùnnú. Adùn àgbọn àti ata ẹja ti jọ wà nínú àwo kan ní Èkó fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Oyin kò bá àjèjì pàdé níbẹ̀.

Yìnyín tó yọ́

Ohun kan wà tí iná kò lè tún ṣe. Titus àti àwọn ẹja tó bá a tan, bí wọ́n bá pẹ́ nínú ooru, kòkòrò àìfojúrí inú wọn ń ṣe májèlé kan tí wọ́n ń pè ní histamine. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè rí i pé ojú òun ń gbóná, orí ń fọ́, ara ń yún, inú sì ń ru. Dídín kò lè pa májèlé yìí, sísè kò lè pa á, yìnyín tí wọ́n tún bù sí i lẹ́yìn náà kò sì lè mú un kúrò.

Ibi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀ nìyí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ẹja tó ti yọ́ lánàá, tí ẹ̀rọ amúnǹkantutù tún mú le ní òwúrọ̀, ojú lásán lè má mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń sọ fún oníbàárà pé kó tẹ ẹja: èyí tó dára ń ta padà sí ìka, ojú rẹ̀ yọ, kò rì sínú, òórùn òkun ló ń rùn. Èyí tí ọwọ́ bá rì sí, kí oníbàárà kọjá lára rẹ̀, ó wù kó pọ́ọ́kú tó.

Iye tó wà lórí pákó

Ìjọba àpapọ̀ máa ń sọ pé Nàìjíríà nílò nǹkan bíi 3.6 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ẹja lọ́dún, àti pé èyí tí a ń pa tí a sì ń sìn nílé kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ. Inú ọkọ̀ òkun ni púpọ̀ nínú ìyókù ti ń wá, láti Nọ́wè, Nẹ́dálándì, Rọ́ṣíà àti ibòmíràn. Titus tí Alájà là ní Ìdúmàgbò, omi tútù òkè òkun ló ti wá. Dọ́là ni wọ́n fi rà á.

Ní oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú okùn tó fi so náírà. Dọ́là tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí 460 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 1,500 ní 2024. Ìyá ẹlẹ́ja kan sọ pé àwọn tó ń ra páálí kan tẹ́lẹ̀ ti ń ra kílò, àwọn tó ń ra kílò sì ti ń ka ẹja ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò yí padà ni pé wọ́n ṣì ń wá.

Ó yẹ kí ọ̀sà tó yí erékùṣù ká lè gbà wọ́n. Àwọn Ẹ̀gùn ní Màkókó ṣì ń ju àwọ̀n, ọjà Aṣéjẹ́rẹ́ sì ṣì ń kún. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja sọ pé ọkọ̀ tó ń fa iyanrìn ti da ilẹ̀ ọ̀sà rú, pé ilé ń gun orí ibi tí ẹja ti ń yé, pé ìdọ̀tí ìlú sì ń ṣàn wọlé lójoojúmọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2023 ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ fún ọrọ̀ ajé orí omi, wọ́n sì fi Adégbóyèga Oyètọ́lá, gómìnà Ọ̀ṣun tẹ́lẹ̀, ṣe olórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èbúté àti ọkọ̀ òkun pọ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ọ̀sà Èkó, tó ń bọ́ aráàlú láti ayé Arómirẹ́, wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú tí apẹja dá sílẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi dọ́là nìkan ra ẹja alẹ́.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, abala mẹ́rin ti tán nínú àwo, ọmọ tó kéré jù ń fi òkèlè ẹ̀bà gbá oyin aláta tó lẹ̀ mọ́ ìdí fráìpáànù. Iná ti lọ láti bí ìdajì wákàtí. Ìyá wọn tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó fọ orí àti eegun Titus tó wà nínú ọ̀rá kejì, ó dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀, ó sì gbé e kaná kí ó tó bọ́ aṣọ ọjà lọ́rùn. Ẹja ọ̀la nìyẹn, òun ò sì ní jẹ́ kó sùn láìfojú kan iná.